"Ó Dàárọ̀": Bí Oorun Ṣe Sá fún Mi Lẹ́yìn Tí Wọ́n Fi Ẹ̀rọ Sí Mi Láyà

Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń wọ yàrá lọ sùn láìkọ́kọ́ sọ pé "ó dàárọ̀." Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́, mi ò sì ronú sí i rí. Ẹni ọdún 53 ni mí lálẹ́ ọjọ́ tí mo la ẹnu láti sọ ọ́ fún ìyàwó mi, tí ọ̀rọ̀ náà sì há mi lọ́fun, torí mi ò mọ̀ bóyá àárọ̀ máa bá mi níbẹ̀. Òun náà ò sọ ọ́. Ó kàn pa iná.

Ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ awọ àyà mi lápá òsì, nísàlẹ̀ eegun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká. Ó tóbi díẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. ICD ni wọ́n ń pè é. Wáyà rẹ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọnú ọkàn lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó máa ṣọ́ bí ọkàn ṣe ń lù tọ̀sán-tòru. Bí ọkàn bá ń sáré àsápajúdé tó lè pa ènìyàn, ẹ̀rọ náà á fi iná mànàmáná lù ú kó lè padà sí bó ṣe yẹ kó máa lù. Ojú ọgbẹ́ mi jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Oorun mi gbà ju ọdún kan lọ kó tó padà. Ọ̀rọ̀ oorun yẹn ni mo fẹ́ kọ, nítorí nínú gbogbo ìwé tí wọ́n kó fún mi nílé ìwòsàn, mi ò rántí ojú ewé tó sọ ọ́, èmi náà ò sì béèrè.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní London nígbà náà, ó ti pé ọdún 17. Ní Oṣù Kọkànlá, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo jókòó nínú yàrá ìjẹun ní dẹ́pò, mo ń po ṣúgà sínú tíì. Ibẹ̀ ni ìrántí mi pin sí. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé mo ṣubú, pé ọmọ Ghana kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà mi láìdúró, pé ẹlòmíràn sáré já ẹ̀rọ tó wà lára ògiri wá, òun ni wọ́n fi jí ọkàn mi. Ọlọ́run ló ní wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 11 ni wọ́n fi ICD sí mi láyà.

Wọ́n kọ́ mi ní ohun púpọ̀ kí n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Kí n má gbé ọwọ́ òsì kọjá èjìká fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wáyà má baà yọ. Kí fóònù máa jìnnà sí ẹ̀rọ náà tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí n má fi sápò àyà. Kí n máa mú káàdì rẹ̀ dání. Wọ́n wá dé orí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà: fún irú ohun tó ṣe mí, mi ò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò ara mi fún oṣù mẹ́fà. Ní ti bọ́ọ̀sì, òfin Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí ẹni tó ní ICD wà á mọ́ títí láé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan níbí. Gbogbo ènìyàn rò pé ìbẹ̀rù ikú ni kì í jẹ́ kí irú wa sùn. Ìbẹ̀rù ikú wà. Àmọ́ lọ́pọ̀ òru, bọ́ọ̀sì ni mò ń rò. Mo máa ń dùbúlẹ̀, ojú mi á là kedere, máa máa wa ọ̀nà mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú ọkàn, ibùdókọ̀ sí ibùdókọ̀, títí kan ibi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti máa ń lọ́ra kó tó pa dé. Tí mo bá dé òpin ọ̀nà, máa ṣírò owó ilé. Tí owó ilé ò bá pé, máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà. Báyìí ni aago mẹ́rin á ṣe lù.

Aago mẹ́rin sì ni màámi máa ń pè. Nígbà òtútù, aago wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Bí màámi bá ti parí àdúrà aago márùn-ún wọn, èmi ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Mi ò sọ fún wọn pé wọ́n ṣí mi láyà. Mo ní òtútù ló mú mi. Torí náà fóònù ò gbọ́dọ̀ dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí n tó gbé e, kí wọ́n má baà fura, ni mo bá ń fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, nítòsí àyà tí wọ́n ní kí n gbé e jìnnà sí. Àṣìṣe méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: fóònù súnmọ́ ẹ̀rọ, mo sì ń sùn bí ẹ̀ṣọ́ tó ń retí ìpè.

Ẹ̀kẹta ni òògùn. Ọkàn mi ò lágbára tó mọ́, wọ́n fún mi ní òògùn tó ń jẹ́ kí ènìyàn tọ̀ dáadáa kí omi má baà jókòó sára. Àárọ̀ ni wọ́n ní kí n máa lò ó. Èmi wá gbé e sí aago méje alẹ́, torí mi ò fẹ́ máa wá ilé ìtọ̀ kiri láàárín ìlú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mò ń dìde lóru, mo sì ń sọ fún ara mi pé ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí n sùn. Ọjọ́ tí mo dá a padà sí àárọ̀, ìdá kan nínú ìṣòro mi lọ.

Àpótí kékeré kan tún wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ní iná aláwọ̀ ewé. Lóru tí mo bá ń sùn, á gba ìròyìn láti inú ẹ̀rọ àyà mi, á fi ránṣẹ́ sílé ìwòsàn. Mo rò pé ẹnìkan jókòó níbìkan tó ń wò mí láti alẹ́ títí di òwúrọ̀, ìyẹn sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé wákàtí iṣẹ́ ni wọ́n ń ka ohun tó bá wọlé, àyà mi já. Mo yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná pẹ̀lú ìbínú. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n pè mí pé àwọn ò rí nǹkankan gbà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Tí iná rẹ̀ bá ń dà yín láàmú, ẹ gbé e síbi tí ojú yín ò ti ní rí i, kó ṣáà má jìnnà ju bí wọ́n ṣe sọ fún yín lọ. Iṣẹ́ ìgbàlà, inú àyà ló ti ń ṣe é. Ìròyìn lásán ni ti àpótí.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó mi, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù.

Ṣáájú àìsàn yìí, ẹ̀yìn mi ló máa ń gbé orí lé sùn. Nígbà tí mo dé láti ilé ìwòsàn, ó sún lọ sí etí bẹ́ẹ̀dì lọ́hùn-ún, ó fi ìrọ̀rí kan sáàárín wa. Mo ní ó fẹ́ kí ọgbẹ́ san ni. Ọgbẹ́ san, ìrọ̀rí ò kúrò. Nígbà tó bá di bí aago kan òru, máa gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń mì díẹ̀díẹ̀. Á dìde jókòó, á na ọwọ́ síwájú imú mi láìfara kàn mí, ẹ̀yìn ọwọ́ lókè, tí máa fi gbóòórùn ìpara tó fi pa á. Á dúró bẹ́ẹ̀ títí á fi gba èémí mi bíi mẹ́ta, mẹ́rin, á wá rọra padà sí etí bẹ́ẹ̀dì. Èmi á dijú, máa máa mí bí ẹni tó ti sùn lọ, kó lè rò pé mo ti sùn. Òun náà á máa mí bí ẹni tó ti sùn. Bá a ṣe ń tan ara wa jẹ nìyẹn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, lálaalẹ́. Láago márùn-ún òwúrọ̀, á dìde lọ tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná.

Ohun tí mo rò ni pé mo ti rí i lára. Ọkùnrin tí kò lè wakọ̀, tí kò lè gbé báàgì ìrẹsì, tí nǹkan yọ gọngọ lábẹ́ awọ rẹ̀. Mi ò bi í. Ó rọrùn fún mi láti dákẹ́ kí n sì máa bínú.

Lóṣù kẹrin, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Aago mẹ́ta òru ku ogún ìṣẹ́jú, mo sùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ni nǹkan bá ta mí láti inú àyà bí ìgbà tí ẹṣin bá ta ènìyàn nípàá. Gbogbo ara mi gbé sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo pariwo, mi ò mọ̀ pé èmi ni mo pariwo. Wọ́n ti sọ fún wa pé tó bá ta mí lẹ́ẹ̀kan tí ara mi sì balẹ̀, kí a pe àwọn tó ń mójú tó ẹ̀rọ. Tó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí tí ara ò bá yá, ká pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì. Ta ló rántí? 999 la pè. Nílé ìwòsàn, wọ́n ka ẹ̀rọ náà, wọ́n ní ọkàn mi sáré lóòótọ́, ẹ̀rọ sì gbà mí. Wọ́n tún òògùn mi tò. Gbogbo wọn kí mi kú oríire.

Àmọ́ ara mi ò gbọ́ kú oríire. Ohun tí ara mi gbọ́ ni pé orí bẹ́ẹ̀dì ni nǹkan ti ta mí. Láti ọjọ́ náà mo kó lọ sórí àga pálọ̀. Máa tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, máa jókòó sùn, ọrùn mi á wọ́, máa jí, máa wo aago. Lọ́sàn-án, nígbà tí ilé bá dá, máa sùn láti aago mọ́kànlá sí méjì, torí ọ̀sán kò bà mí lẹ́rù. Alẹ́ á dé, oorun ò ní sí.

Àsìkò yìí ni mo gbọ́ ìmọ̀ràn oríṣiríṣi. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fún mi ní òògùn oorun tirẹ̀. Mo lò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbọ́ pé àwọn òògùn kan wà tó lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú, pé mi ò gbọ́dọ̀ gba òògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ti kẹ́míìsì, ìbáà jẹ́ àgbo, láìbéèrè. Ẹlòmíràn ní kí n máa mu ìgò stout kan. Ó mú mi sùn lóòótọ́, àmọ́ láago méjì òru mo ti jí, ọkàn mi ń lù kìkìkì.

Àlá tún wá pẹ̀lú. Àlá tó burú, tí wọ́n ń lé mi, tí ẹsẹ̀ mi ò gbé. Mo ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi kan lórí fóònù, ó ní, "Ayé ló ń bá ọ jà lójú oorun." Wọ́n dá ìṣọ́ òru ọjọ́ mẹ́ta fún mi, aago méjìlá sí mẹ́ta. Mi ò ní sọ̀rọ̀ àdúrà láìdáa. Àdúrà ló gbé mi dé òní. Àmọ́ mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé bisoprolol, òògùn ọkàn tí mò ń lò, wà nínú àwọn òògùn tó máa ń fa àlá burúkú fún àwọn ènìyàn kan, àti pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn kò ní òru mẹ́ta tó lè fi tọrẹ. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún pásítọ̀ wa, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká máa gbàdúrà láago méje alẹ́, pé Ọlọ́run ò sùn nígbà yẹn náà. Ẹ má dá òògùn dúró fúnra yín nítorí àlá o. Ẹ sọ fún dókítà, wọ́n lè tún un tò.

Ohun tó là mí lójú ṣẹlẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún. Mo wà lórí àga, oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé mi lọ, ni ẹ̀rọ náà tún ta mí. Bákan náà: ẹṣin, ariwo, òógùn. Èmi àti ìyàwó mi lọ sí kílíníìkì ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì gbé ohun tí wọ́n fi ń kà á lé mi láyà, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún wò ó. Ó ní ẹ̀rọ náà ò ta mí. Kò sí nǹkankan níbẹ̀, ọkàn mi ń lù jẹ́ẹ́ ní gbogbo òru náà.

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ dìde. Mo rò pé orí mi ti ń dàrú. Ó ní kí n jókòó, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹ̀rọ ti ta rí ló máa ń rí i bẹ́ẹ̀, pàápàá tí oorun bá ń gbé wọn lọ, pé kì í ṣe wèrè, ara ló ń rántí. Bó ṣe sọ pé "ara ló ń rántí" ni omi bọ́ lójú mi. Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀: àga, tẹlifíṣọ̀n, bọ́ọ̀sì, aago mẹ́rin.

Ìyàwó mi, tí kò tíì sọ̀rọ̀, wá béèrè ohun kan lóhùn kékeré. Ó ní, "Tí mo bá fọwọ́ kàn án nígbà tó bá ń ta á, ṣé iná á gbé èmi náà?"

Nọ́ọ̀sì ní rárá. Ó ní ó lè rí i bí ìgbà tí nǹkan kan gbọ̀n rìrì lára rẹ̀ díẹ̀, kò lè pa á lára.

Ìyàwó mi bo ojú. Láti Oṣù Kọkànlá! Ó ti gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan níbi iṣẹ́ pé iná á gbé ẹni tó bá fara kan irú wa, kò sì fẹ́ sọ fún mi kí n má baà rò pé òun ń sá fún mi. Ìdí ìrọ̀rí nìyẹn. Ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ kì í fi kan imú mi nìyẹn. Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ padà sílé, ó gbé orí lé èjìká mi ọ̀tún, ó sì sùn lọ fọnfọn. A kọjá ibùdókọ̀ wa. Mi ò jí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ sí kílíníìkì, ẹ mú ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn lọ. Ẹ jẹ́ kó béèrè tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yẹn ló sọ fún mi pé ní England, ènìyàn lè fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies, ìtọ́jú ìdààmú ọkàn nípa ọ̀rọ̀ sísọ, láìkọ́kọ́ rí dókítà. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó pè mí. Ohun tí obìnrin tó tọ́jú mi níbẹ̀ kọ́ mi kò ní idán nínú, ó sì le. Kí n máa jí láago mẹ́fà ààbọ̀ lójoojúmọ́, bí mo sùn bí mi ò sùn. Kí n má sùn lọ́sàn-án. Kí n má wọ bẹ́ẹ̀dì àfi tí ojú bá ń pa dé. Tí mo bá dùbúlẹ̀ tó bí ogún ìṣẹ́jú tí oorun ò wá, kí n dìde, kí n lọ jókòó síbi tí iná ò ti pọ̀, kí n padà tí oorun bá dé. Kí n yí ojú aago sí ògiri. Àti kí n mú ìwé kan, láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí n kọ gbogbo ohun tó ń dà mí láàmú síbẹ̀, kó má baà dúró dè mí lóru. Ojú ewé àkọ́kọ́ kún fún bọ́ọ̀sì. (Ẹ kọ́kọ́ bá dókítà ọkàn yín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ máa ń rẹ ènìyàn gan-an. Ó rẹ mí débi pé mo fẹ́ dá a dúró.) Lọ́sẹ̀ kẹta mo sùn wákàtí márùn-ún lórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Àwọn ohun kéékèèké náà ràn mí lọ́wọ́. Mo fi ìrọ̀rí kékeré sábẹ́ apá òsì tí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, kí ibi ẹ̀rọ má baà fà. Wọ́n dán mi wò bóyá èémí mi ń dúró lójú oorun, torí ìyàwó mi ní mò ń hanrun. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú wà fún un.

Ìpàdé àwa tá a ní ẹ̀rọ láyà ni mo ti rí ohun tó pa ìbẹ̀rù bátìrì fún mi. Mo rò pé ó lè kú lóru bí iná tọ́ọ̀ṣì. Bàbá arúgbó kan ló ṣàlàyé pé kì í kú lójijì, pé ó máa ń fi oṣù bíi mélòó kan kìlọ̀ ṣáájú. Bàbá yìí náà ló sọ ìtàn Arne Larsson fún wa, ará Sweden ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi pacemaker, ẹ̀rọ tó ń mú kí ọkàn máa lù, sínú ara rẹ̀ ní 1958. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn ò lò ju wákàtí mélòó kan lọ tó fi bàjẹ́. Wọ́n fi òmíràn sí i. Ó lo ju ogún lọ láyé rẹ̀, ó sì wà láàyè títí di 2001, ẹni ọdún 86, àìsàn tí kò jẹ mọ́ ọkàn ló pa á. Mo máa ń rò nípa òru àkọ́kọ́ tí ọkùnrin yẹn sùn.

Oṣù Kejìlá ọdún tó tẹ̀lé e, mo lọ sílé. Mo ti sọ fún màámi lórí fóònù lóṣù kan ṣáájú, wọ́n sunkún, wọ́n bínú. Nígbà tí mo dé Ìjẹ̀bú-Igbó, mo rò pé ẹ̀rọ ni wọ́n máa béèrè, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń béèrè: ṣé ó ń dùn ọ́, ọdún mélòó ló máa lò, èló ni. Wọ́n ní kí n ṣí ẹ̀wù. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, wọn ò tètè gbé e kúrò. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìta ń ké lẹ́yìn ilé.

"Àkànní," wọ́n ní, "ṣé o ń rí oorun sùn?"

Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú, kò tíì sẹ́ni tó ti ẹnu ara rẹ̀ bi mí léèrè yẹn. Mo ní ọjọ́ mìíràn máa sùn, ọjọ́ mìíràn mi ò ní sùn. Mo sọ ọ̀rọ̀ aago mẹ́rin fún wọn. Wọ́n ò mọ̀ rárá pé aago wa yàtọ̀ sí tiwọn nígbà òtútù.

Láti oṣù tí mo padà dé London, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni fóònù wọn ń dún. Pálọ̀ ni mo sì máa ń fi í sí mọ́jú.